Ǹjẹ́ Ẹ̀kọ́ Ìṣirò Owó Jẹ́ Ẹ̀kọ́ Èlé Bí?

 

 Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Láásàrì, bàbá kan nínú jámá wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Oníṣòwò ni bàbá náà, ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń ra ọjà ní Kútọnu wá sí ìhà tiwa ní Seme níhìn-ín. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ka Alùkùránì parí lọ́dọ̀ wa, tí ó ṣe wòlímọ̀, tí ó sì ka Tànáwíyyà kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì. Ó ti parí, ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan, ó sì ti rí ààyè gbà láti kà fún digirì kejì nínú ohun tí òyìnbó ń pè ní Financial Mathematics, èyíinì ni ìmọ̀ ìṣirò tí ó dá lórí ọ̀rọ̀ owó.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí àwọn kan. Ẹnì kan ti sọ fún bàbá náà pé èlé ni wọ́n fẹ́ lọ kọ́ ọmọ rẹ̀, àti pé owó tí ó bá ná lé e lórí, yóò ròyìn rẹ̀ lọ́run. "Áfáà," ni ó wí fún mi, "ẹ sọ fún mi, ṣé kí n san owó yìí ni àbí kí n mú un dúró?" Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí áfáà kò fi dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé mo ti dáhùn irú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ rí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tí orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò bi mí ní irú ìbéèrè yìí gan-an. Mo gbọ́ "owó", mo gbọ́ "báńkì", mo sì sọ fún un pé kí ó yàgò fún un. N kò bi í léèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú rẹ̀, bí mo bá sì bi í pàápàá, èsì rẹ̀ kì bá tí yé mi. Ọmọ onígbọràn ni, ó fi í sílẹ̀. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni ó ń tà lónìí, Ọlọ́hun sì ń bùkún un, kò bínú sí mi. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá kí mi ní ọjọ́ Iléyá, kò sí ọdún tí kì í mú ìbéèrè ìṣirò kan tí ó rí nínú ìwé àtijọ́ dání, bí ẹni tí ó ń gbé ẹja wá fún ẹni tí kò ní ìkòkò. Ọ̀rọ̀ náà ń wúwo lọ́kàn mi. Nítorí náà ni mo ṣe tọrọ ọ̀sẹ̀ kan, tí mo sì ní kí ọmọbìnrin náà mú ìwé ohun tí wọn yóò kọ́ ọ wá kí n rí i.

Ó wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún wákàtí méjì. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí dìmú ni pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ bí a ti ń yáni lówó tàbí bí a ti ń gba èlé. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ akáńtà. Ohun tí ó ti wọlé àti ohun tí ó ti jáde ni akáńtà ń kà, ohun tí ó ti kọjá nìyẹn. Ìmọ̀ yìí kọjú sí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀: iye tí ọjà yóò jẹ́ lọ́la, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ àfi Ọlọ́hun, ó sì ń wá ọ̀nà tí a ó fi wọn bí àìmọ̀ wa ti tóbi tó. (Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní iṣẹ́ woṣẹ́woṣẹ́. Woṣẹ́woṣẹ́ a máa sọ pé òun mọ̀. Ní ti àwọn wọ̀nyí, àìmọ̀ wọn gan-an ni wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n.)

Àwa ará Seme kò yẹ kí a jẹ́ àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo àwọn tí ń ṣẹ́ owó ní ẹnubodè wa. Ọ̀pọ̀ wọn kò ka ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n iye mẹ́ta ni ó máa ń wà lórí wọn lẹ́ẹ̀kan náà: iye náírà sí sẹ́fà, iye náírà sí dọ́là, àti iye dọ́là sí owó yúrò àwọn ará Yúróòpù. Sẹ́fà ní tirẹ̀, wọ́n ti so ó mọ́ yúrò láti ọdún 1999, sẹ́fà 655.957 fún yúrò kan. Nítorí náà bí dọ́là bá gbéra ní Èkó láàárọ̀, ẹni tí ó ń ṣẹ́ sẹ́fà ní Seme kò gbọdọ̀ sùn. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà sọ náírà di sẹ́fà: kí ó ṣẹ́ ẹ tààrà, tàbí kí ó ti ara dọ́là àti yúrò kọjá. Bí ọ̀nà kan bá dín owó ju èkejì lọ, gbogbo ènìyàn yóò sáré gba ibẹ̀, títí tí ọ̀nà méjèèjì yóò fi di ọgbọọgba. Ọmọ náà sọ fún mi pé lórí gbólóhùn kékeré yìí ni wọ́n kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ náà lé. Ohun tí àwọn ará ẹnubodè fi ojú inú mọ̀, ìwé ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi kọ ọ́.

Ẹ wá wo bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá gba ọjà ní àwìn ní Kútọnu, sẹ́fà ni wọ́n kọ sínú ìwé fún un, yóò sì san án lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Náírà ni yóò fi tà á níhìn-ín. Bí náírà bá wó láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ náà, ó lè ta gbogbo ọjà tán kí owó rẹ̀ má tó gbèsè. Kì í ṣe àbá lásán. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní 1994, wọ́n dín sẹ́fà kù sí ìdajì lọ́jọ́ kan ṣoṣo: sẹ́fà 50 ni owó Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di sẹ́fà 100. Ẹni tí ó ní sẹ́fà nínú àpótí sùn, ó jí, àpótí náà ṣì wà, owó tí ó wà nínú rẹ̀ ti di ìdajì lójú ẹni tí ó fẹ́ fi ra ọjà òkè òkun. Ní oṣù kẹfà 2023 ni ó wá kan náírà: wọ́n tú u sílẹ̀ kí ọjà máa fúnra rẹ̀ dá iye lé e, dọ́là tí iye ìjọba rẹ̀ kò tó 500 náírà sì ti kọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Kí a má tilẹ̀ sọ ti ẹnubodè tí wọ́n tì ní oṣù kẹjọ 2019, tí a kò ṣí Seme títí di oṣù kejìlá 2020. Gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè lákòókò náà.

Ní ọdún 1900, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí a ń pè ní Louis Bachelier gbé ìwé kan ka iwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Paris láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Iye ọjà ni ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ní kí a wo iye ọjà bí ọkọ̀ tí kò ní atukọ̀ lórí ọ̀sà: ìgbì tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò tì í, èyí tí ó kọjá kò sì sọ ohunkóhun nípa èyí tí ń bọ̀. (Àfiwé ọkọ̀ yìí jẹ́ tèmi, Bachelier kò mọ ọ̀sà wa.) Ó dàbí ẹni pé kò sí ohun tí a lè sọ nípa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a lè sọ wà. Ẹ̀yin ọmọ kéú, ẹ fi etí sí èyí. Bí iye kan bá máa ń yẹ̀ ní náírà mẹ́rin lọ́jọ́ kan, sókè tàbí sísàlẹ̀, mélòó ni yóò yẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin? Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé mẹ́rìndínlógún. Rárá. Mẹ́jọ ni, nítorí pé ọjọ́ kan yóò máa pa òmíràn rẹ́: èyí gòkè, èyí sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án yóò jẹ́ méjìlá, ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ yóò jẹ́ ogójì. Ọjọ́ mẹ́rin, a fi méjì sọ mẹ́rin di púpọ̀ nítorí pé méjì lọ́nà méjì ni mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, a fi mẹ́ta. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́, a fi mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá mọ èyí, ó mọ iye tí ó yẹ kí ó yà sọ́tọ̀ nítorí ọgbọ̀n ọjọ́ àwìn, kò ní yà á ní àyàjù, kò sì ní yà á ní àyàtó. Bàbá ọmọ náà, tí ó ti ń ṣe òwò yìí fún ogún ọdún, ló kọ́kọ́ mi orí nígbà tí mo sọ ọ́ fún un.

Ó tún kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àgbọn ní Àgbádárìgì, ẹ mọ àṣà kí oníbàárà fi owó díẹ̀ sílẹ̀ pé, "Ẹ bá mi dì í mú di ọjọ́ báyìí. Bí n kò bá padà wá, owó mi ti di tiyín." Nínú ìwé fíkíhì, orúkọ rẹ̀ ni ʿurbūn. Èló ni ó yẹ kí owó ìdìmú yẹn jẹ́? Bí ó bá kéré, olóko ni ó jẹ gbèsè. Bí ó bá pọ̀, oníbàárà ni. Ní ọdún 1973, Fischer Black àti Myron Scholes tẹ ìwé kan jáde, Robert Merton náà tẹ tirẹ̀ lọ́dún kan náà, wọ́n sì fi ìṣirò dáhùn irú ìbéèrè yìí. Ní ọdún 1997, Scholes àti Merton gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí. Black ti kú ní 1995.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa áfáà. Àwa oní-Màlíkì kò gba ʿurbūn láàyè, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oní-Ṣáfíì àti oní-Hánáfì, ṣùgbọ́n Imaamu Ahmad gbà á láàyè. Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ fíkíhì àgbáyé péjọ ní Jeddah, wọ́n sì dájọ́ pé títa ẹ̀tọ́ láti rà lásán, bí wọ́n ti ń ṣe é ní ọjà àwọn òyìnbó, kò tọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní Brunei, ìgbìmọ̀ kan náà gba ʿurbūn láàyè bí a bá dá ọjọ́ fún un. Ohun méjì tí ó fara jọra tó báyìí, ẹ̀wọ̀ ni ọ̀kan, ẹ̀tọ́ ni èkejì. Ta ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ẹni tí ó mọ ṣẹ̀ríà kò bá mọ ohun tí wọ́n ń tà, tí ẹni tí ó mọ ohun tí wọ́n ń tà kò sì mọ ṣẹ̀ríà?

Àwọn kan ń sọ pé ìmọ̀ òyìnbó ni. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún ara wa. Muhammad ọmọ Musa al-Khwarizmi ni ó kọ ìwé al-jabr ní Baghdad, ní ayé Kálífà al-Ma'mun, ní nǹkan bí ọdún 820. Láti inú orúkọ ìwé yẹn ni òyìnbó ti yọ algebra tí wọ́n ń fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa ní sẹ́kọ́ńdírì. Apá ńlá nínú ìwé náà kò sọ nǹkan mìíràn bí kò ṣe ìṣirò ogún àti àsọsílẹ̀ òkú. Ogún pípín ló wà lára ohun tí ó gbé bàbá wa yìí lọ sí ìdí ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ọ̀kan fún yín, nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó kan, ọmọbìnrin méjì, bàbá àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìpín tí ó wà nínú Súrátù Nísáì, ẹsẹ 11 àti 12, ìyàwó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, àwọn ọmọbìnrin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, bàbá ní ìdá kan nínú mẹ́fà, ìyá náà bẹ́ẹ̀. Ẹ pín dúkìá sí ọ̀nà mẹ́rìnlélógún: ìyàwó mú 3, àwọn ọmọ mú 16, bàbá mú 4, ìyá mú 4. Ẹ rò ó pọ̀. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni! Ìpín ju ohun tí a ń pín lọ. Wọ́n ròyìn pé orí míńbárì ni Sayyidina Ali wà tí wọ́n fi bi í ní ìbéèrè yìí, tí ó sì dáhùn láì dákẹ́ wáàsí rẹ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́jọ ti ìyàwó ti di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Nítorí náà, bí ogún náà bá jẹ́ ₦2,700,000, ìyàwó kì yóò mú ₦337,500, bí kò ṣe ₦300,000. Àwọn ọmọ yóò mú ₦1,600,000, bàbá ₦400,000, ìyá ₦400,000, kò ní ku kọ́bọ̀. Olúkúlùkù fi díẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ohun tí ó ní. Ẹni tí kò mọ ìṣirò yìí, tí ó ń pín ogún kiri, ṣé kò ní jẹ owó ọmọ òrukàn láì mọ̀?

Mo béèrè èyí tọkàntọkàn, nítorí pé àwa náà ní ẹ̀bi. Ní ọ̀pọ̀ ilé kéú wa, à ń kọ́ ọmọ ní ìpín ogún ní àkọ́sórí, a kò kọ́ ọ ní ìṣirò tí ó wà nídìí rẹ̀. Bí ìbéèrè bá yí díẹ̀, ọmọ yóò dúró bí ògiri. Ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, ará Katsina kan, Muhammad al-Kishnawi, kọ ìwé lórí bí a ti ń to nọ́ńbà sínú ojú ilé kí gbogbo ìlà rẹ̀ lè dọ́gba; Cairo ni ó kú sí ní 1741. Ojú ilé kan náà ni a ń kọ sínú tírà títí di òní. Tírà ni a dì mú, a jẹ́ kí ìṣirò bọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ èlé sẹ́yìn. Ríbá, ẹ̀wọ̀ ni, kò sí ìyàtọ̀ ohùn láàárín wa lórí ìyẹn. Mo sì rí i nínú ìwé ọmọ náà pé ọ̀pọ̀ ìṣirò wọn ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó tí ń bí owó. Ẹni tí ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ kò purọ́ pátápátá. Ohun tí mo ń sọ ni pé dókítà a máa kọ́ nípa májèlé, kò sì sí ẹni tí ó ń pè é ní apààyàn. Ibi tí ọmọ náà yóò gbé ìmọ̀ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ó bá kọ́ ọ tán, ibẹ̀ ni ìbéèrè gidi wà, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí àwa àgbà ti bi í léèrè.

Ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ààbò lọ́wọ́ ìwà òmùgọ̀. Scholes àti Merton tí mo dárúkọ lókè wà lára àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan ní Amẹ́ríkà, Long-Term Capital Management. Wọ́n gba Nobel ní 1997. Ní 1998, láàárín oṣù díẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà pàdánù ohun tí ó ju bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ, àfi ìgbà tí àwọn báńkì ńlá kó owó jọ kí ó má baà wó lu gbogbo ọjà. Ìṣirò wọn kò ṣì. Wọ́n gbàgbé pé ìgbì a máa dé papọ̀ nígbà mìíràn, kí ó sì jẹ́ pé ohun tí a yá ni a fi ra ọkọ̀. Ó wù mí kí ọmọ wa kọ́ èyí náà.

Ẹ wá wo ilé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ta sùkúùkù ní 2013, bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, láti fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ìjọba àpapọ̀ ta tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2017, ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù náírà, fún ọ̀nà títì. Wọ́n ní kì í ṣe yíyá lówó, pé ẹni tí ó rà á ní ìpín nínú ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe, ìjọba wá ń yá a lò, ó sì ń san owó ìyálò. Ẹni tí ó fi ₦100,000 ra ti 2017, ₦16,470 ni owó ìyálò rẹ̀ lọ́dún títí tí àsìkò rẹ̀ fi pé ní 2024, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n sì máa ń san án. Báńkì aláìlélé Jaiz ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 2012, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Láti 2021, òṣìṣẹ́ lè ní kí wọ́n fi owó ìfẹ̀yìntì òun sínú àpò tí kò ní èlé, tí wọ́n ń pè ní Fund VI.

Ta ni ó dá 16.47 yẹn? Kí ló dé tí kì í ṣe 12 tàbí 20? Ṣé owó ìyálò ọ̀nà títì ni wọ́n ṣírò lóòótọ́, àbí iye èlé tí ó wà lọ́jà ni wọ́n wò tí wọ́n wọ aṣọ míràn fún? N kò parọ́ fún yín, èmi pàápàá ń ṣiyèméjì. Àwọn àgbà onímọ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ ṣẹ̀ríà tí ó fọwọ́ sí nǹkan wọ̀nyí, mo sì gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ̀ ẹ̀sìn wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé tábìlì nọ́ńbà sí iwájú irú àwa yìí, Ìwé Risala kò ní kà á fún wa. Àwa yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe tábìlì náà bóyá ó tọ́, òun yóò sì ní ó tọ́. Ẹni tí ó ń tajà kọ́ ni ó yẹ kí ó máa ka òṣùwọ̀n fún oníbàárà. Bí a bá ń pariwo èlé lórí míńbárì, tí a sì ń dá ọmọ tí ó lè bá wa yẹ òṣùwọ̀n náà wò dúró sílé, ta ni a ń ràn lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀: pé obìnrin ni. Èyí kò gbà mí ní àkókò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábísí Ugbebor ti Yunifásítì Ìbàdàn ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1976 ni ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, lórí ìrìn aláìlójú tí Bachelier fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní 1900 gan-an, òun àti àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sì ti jọ kọ̀wé lórí ìṣirò Black àti Scholes. Bí ìyẹn bá ti ṣeé ṣe láti ìgbà náà, kí ni a tún ń wí?

Fún àwọn òbí tí ọmọ wọn bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí: kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí a ń bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti ní digirì àkọ́kọ́ tí ó dára nínú ìṣirò tàbí ohun tí ó sún mọ́ ọn, bíi físíìsì tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kí ó mọ ìmọ̀ ìṣeéṣe dáadáa. Kí ó sì lè fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò, nítorí pé ọwọ́ lásán kò lè ká a mọ́. Ẹ má sì rò pé òkè òkun nìkan ni. Àwa tí a wà ní Seme, ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ìṣirò IMSP wà, ní Dangbo lẹ́yìn Àjàṣẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988. Ọmọ tí ó gbọ́ Faransé, tí ó sì gbọ́ Ẹ̀gùn, ilé ni ó lọ. AIMS náà wà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní South Africa ní 2003, tí ó sì ti ní ẹ̀ka ní Senegal, Ghana, Cameroon àti Rwanda: ìṣirò lóríṣiríṣi ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ fún digirì kejì, àwọn tí wọ́n bá sì mú kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, mo lọ bá bàbá náà ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Alhaji, ẹ san owó náà." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Áfáà, bí báńkì elélé bá wá fi owó ńlá pè é ńkọ́?" Mo ní n kò lè ṣèlérí fún un pé wọn kò ní pè é, wọn yóò pè é, òun sì ni yóò dáhùn. Ọmọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó ní ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni ó ń wu òun. Mo ní kí ó máa mú ìwé rẹ̀ wá bí wọ́n bá gba ìsinmi, èmi náà yóò gbé ìwé fíkíhì jáde, kí a jọ ka àwọn orí tí ó sọ̀rọ̀ lórí òwò. Kì í ṣe pé èmi ni n ó kọ́ ọ. A ó jọ kọ́ ọ ni.

Ó ti lọ báyìí. Ó ti fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní ó rọrùn. Ọkọ̀ kan wà lórí ọ̀sà. A ó máa ju owó ẹyọ sókè, bí orí bá yọ, ọkọ̀ yóò sún sí Kútọnu ní ìṣísẹ̀ kan, bí ìdí bá yọ, yóò sún sí Èkó. Lẹ́yìn tí a bá jù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, báwo ni ó ti ṣeé ṣe tó pé ọkọ̀ yóò wà ní ibi tí ó ti gbéra? Mo jókòó lórí ẹní lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, mo fi tẹ̀súbáà kà á: ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ni ó wà, mẹ́fà nínú wọn ni ó padà sílé. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i. Ó ní mo gbà á, pé ó wá ku ti ọgọ́rùn-ún ìgbà. Kò sí tẹ̀súbáà tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi.